Èsì: Kí ló dé tí àwọn oníjó Degas kì í fi bẹ́ẹ̀ jó?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní àwọn ọmọge oníjó inú àwòrán Edgar Degas, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, kì í fi bẹ́ẹ̀ jó, pé ọ̀kan ń yán, èkejì ń họra. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ijó ballet wù ú ju orí ìtàgé lọ.

Ẹ wo àwòrán rẹ̀ La Classe de danse (Kíláàsì Ijó), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1873, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Orsay ní Paris. Jules Perrot, bàbá olùkọ́, fi ọ̀pá tilẹ̀. Lápá òsì, ọmọbìnrin kan jókòó sórí dùùrù, ó ń họ ẹ̀yìn. Ajá kékeré kan wà nísàlẹ̀, agé kan náà wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń bu omi wọ́n ilẹ̀ pákó yàrá náà. Ta ló máa rántí ya agé?

Degas kò sì jókòó síbẹ̀ ya àwòrán tán o. Á ya ẹsẹ̀, á ya ọrùn sórí bébà, á wá lọ tò wọ́n pọ̀ nílé iṣẹ́ rẹ̀. (Ó tilẹ̀ kórìíra kí wọ́n pè é ní Impressionist, ìyẹn àwọn ayàwòrán tó máa ń ya ohun tí ojú wọn rí lójú ẹsẹ̀.)

Èyí tó ká mi lára jù ni ère ìda Marie van Goethem, oníjó ọmọ ọdún 14, tó gbé jáde ní 1881. Ó fi irun gidi sí i lórí, ó wọ yẹ̀rì aláṣọ fún un, ó fi rìbọ́ọ̀nù di irun náà. Àwọn kan bú ère náà pé ó jọ ọ̀bọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá ọmọ náà. Owó oúnjẹ ló ń jó wá. Ìda yẹn gan-an wà ní Washington báyìí, idẹ tí wọ́n rọ lẹ́yìn ikú Degas lẹ ń rí níbòmíràn.