Fíríìjì tó ń ró "tá" tí kò gbéra: ó lè jẹ́ pé iná ló kéré

Ẹ kú ooru o. Ẹni tó béèrè láti Ìbarà níbí ní Abẹ́òkúta pé fíríìjì òun ń kùn díẹ̀, á ró "tá", á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ fi ń ṣú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Ohun kékeré tó ń dáàbò bo kọmpirẹ́sọ̀ (mọ́tò tó ń ti gáàsì inú fíríìjì) ló ń ró yẹn. Tí mọ́tò bá ti gbóná jù, òun ló ń já iná. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè, òun gan-an á jóná, wáyà inú mọ́tò á sì tẹ̀ lé e.

Iná tó kéré ló sábà máa ń fà á: 230 fóòtì ló yẹ kó wọlé. Tó bá bọ́ sí 160, agbára tí mọ́tò fi ń gbéra ò tó ìdajì mọ́. Ooru Ẹrẹ́nà sì tún ń mú kí gáàsì tó fẹ́ tì le sí i. Mọ́tò tí ò lè yí lè fa kọ́rẹ́ẹ̀ntì ìlọ́po márùn-ún èyí tó máa ń fà. Fáànù tó ń kùn tí ò yí náà, ẹ pa á. Áyọ́ọ̀nù ò ní wàhálà, kò kàn ní gbóná tó ni.

Ẹ má tíì ra sitebiláísà, ẹ̀rọ tó ń gbé fóòtì tó kéré sókè. Kí oníṣẹ́ iná wọn fóòtì ní ìdí mítà àti ní sókẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù, nígbà tí nǹkan ń ṣiṣẹ́. Tí mítà bá jẹ́ 205 tí sókẹ́ẹ̀tì jẹ́ 180, inú ilé yín ni àrùn wà: ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ ti tú, tàbí wáyà tín-ín-rín jù. Wáyà 2.5 mm² ni ti sókẹ́ẹ̀tì, 4 mm² ni ti ẹ̀rọ amúlétutù. Tó bá jẹ́ 165 níbi méjèèjì, ti àdúgbò ni. Ẹ kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ lọ bá àwọn oníná pé kí wọ́n pín ilé dọ́gba sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá sí àdúgbò. Kí gbogbo èèyàn máa sá lọ sórí fésì tó dáa, ìyẹn ló ń pa fésì ọ̀hún.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra sitebiláísà, ẹ wo fóòtì tó kéré jù tó lè gbà lára ẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tó ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán kó tó gbé iná sílẹ̀. Tí iná bá wà lábẹ́ 190 fóòtì, tẹ́ ẹ ò sì ní sitebiláísà, ẹ jẹ́ kí fíríìjì sinmi.

Àmọ́ tí gílóòbù kan bá ń mọ́lẹ̀ jù tí òmíràn ń ṣe bàìbàì, kì í ṣe iná kékeré nìyẹn o. Níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, ló ṣeé ṣe kó ti já. Ẹ pa iná gbogbo ilé lójú ẹsẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pe àwọn oníná.