Ìbéèrè Yín Lórí Bọ́tà Kírímù: Ẹ Má Da Ṣúgà Lé E Mọ́, Ooru Ló Ń Bá Yín Jà

Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ kéèkì ọjọ́ ìbí lójú ewé yìí ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró, bọ́tà kírímù ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn áísìn rírọ̀ tí a máa ń fi bọ́tà àti áísìn ṣúgà (ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun) po. Mo ti kó àwọn tó jọra wọn pọ̀, tí ẹ ò bá rí tiyín, ẹ ka ìdáhùn àwọn tó kù dáadáa, ó ṣeé ṣe kó wà nínú ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, èmi ni mo máa ń ṣe kéèkì fún ẹgbẹ́ wa tí Ojúde Ọba bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Bọ́tà kírímù tó dúró dáadáa nílé, tó bá ti dé abẹ́ kánópì báyìí, ó ti ń ṣàn nìyẹn, gbogbo òdòdó tí mo tẹ̀ sára ẹ̀ á dojú dé. Wọ́n ní kí n máa fi ṣúgà kún un títí á fi le. Mo ń fi kún un o, ó kàn ń dùn jù ni, ó ṣì ń ṣàn. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣúgà yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó ń yọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ṣúgà, ọ̀rá inú bọ́tà ni, ṣúgà tẹ́ ẹ bá sì rọ́ lé ọ̀rá tó ti fẹ́ di epo ò lè sọ ọ́ di líle padà. Bọ́tà gidi, èyí tí wọ́n fi mílíìkì màlúù ṣe, tó bá ti dé nǹkan bíi dígírì 32 sí 35 ó ti yọ́ tán, kó tiẹ̀ tó débẹ̀ rárá ló ti rọ̀ kọjá ohun tó lè gbé òdòdó dúró. Ẹ wá wo abẹ́ kánópì lọ́sàn-án, èrò ń wọ́, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń gbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, ibo ni bọ́tà fẹ́ gbà?

Ọ̀rọ̀ yìí sì tún máa le sí i o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè tètè múra. Ọjọ́ kẹta Iléyá la máa ń ṣe Ojúde Ọba, òṣùpá ni Iléyá sì ń tẹ̀ lé, torí náà ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Lọ́dún 2024 àti 2025 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, òjò ti ń rọ̀, afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀. Tó bá fi máa di 2030 ó ti bọ́ sí oṣù kẹrin, lẹ́yìn ìyẹn á wọ oṣù kẹta, gbogbo wa la sì mọ bí oòrùn oṣù kẹta ṣe máa ń rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bọ́tà kírímù tó ṣe é ṣe ní oṣù kẹfà ò ní dúró nígbà yẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ pín ọ̀rá yín sí méjì, kí ìdajì jẹ́ bọ́tà, kí ìdajì jẹ́ ọ̀rá funfun líle tí àwọn tó ń ta èlò kéèkì ń pè ní shortening. Ọ̀rá gédé ni ìyẹn, kò lómi nínú bíi bọ́tà, ooru tó máa yọ́ ọ sì ju èyí tó ń yọ́ bọ́tà lọ dáadáa. Bọ́tà 125 gíráàmù, ọ̀rá funfun 125 gíráàmù, áísìn ṣúgà 500 gíráàmù, fánílà ṣíbí tíì kan, iyọ̀ bíńtín, mílíìkì ṣíbí ìjẹun kan, tí kò bá sì pọn dandan ẹ má fi ìkejì sí i. Iyọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o, òun ló máa ń gé adùn ṣúgà kù, tó bá jẹ́ bọ́tà oníyọ̀ lẹ rà ẹ má wulẹ̀ fi òmíràn sí i mọ́. Ẹ kọ́kọ́ po bọ́tà àti ọ̀rá yẹn nìkan, kó pẹ́ nínú míkísà, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje títí àwọ̀ ẹ̀ á fi mọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jọ áísìn ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ara ògiri ni ìdajì á lọ.

Tó bá rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ náà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kẹ́ ẹ gbé e jáde kẹ́ ẹ tún un pò. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ṣúgà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa rọ́ sí i.

Àwọn kan ń fi ọ̀rá funfun yẹn nìkan ṣe gbogbo ẹ̀. Ó máa dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ sí i, kò ní òórùn bọ́tà, á tún máa lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, àlejò tó wá jẹ kéèkì yín ò yẹ kó máa fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún májárìn rírọ̀ tó wà nínú ike, èyí tí a ń fi pa búrẹ́dì. Ẹ ka ara ike ẹ̀, tí ọ̀rá inú ẹ̀ ò bá tó 80 nínú 100, omi ló pọ̀ nínú ìyókù, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pò ó tó máa gbé òdòdó. Májárìn líle tí wọ́n ṣe fún kéèkì dáa jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí kéèkì fúnra ẹ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan sára ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, kí èérún lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó gan, kẹ́ ẹ tó wá fi èyí tó nípọn lé e. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn tó ń to àga sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbé tábìlì kéèkì jìnnà sí oúnjẹ gbígbóná, inú gbọ̀ngàn ló tiẹ̀ dáa jù, kí wọ́n gbé e jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé e.

Ẹ káàsán mà. Ọmọ iléèwé ni mí l'Ágọ̀-Ìwòyè, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ọ̀pù kéèkì fún àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Mi ò ní míkísà, mi ò ní fíríìjì, iná ọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Áísìn ṣúgà náà wọ́n, ṣé mo lè lọ ṣúgà lásán? (Ọmọ Iléèwé, Àgọ̀-Ìwòyè)

Ọmọ mi, o kú ìgbìyànjú. Àwọn èèyàn ti ń po bọ́tà kírímù tipẹ́tipẹ́ kí míkísà tó délé wa, ṣíbí onígi tàbí ọmọrogùn kékeré tí kò tíì fọwọ́ kan ọbẹ̀ rí ti tó. Jẹ́ kí bọ́tà ẹ rọ̀ débi pé tó o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á wọlé, ṣùgbọ́n kó má dán, tó bá ti ń dán ó ti ń yọ́ nìyẹn. Bọ́tà yẹn nìkan ni kó o kọ́kọ́ pò, apá á ro ẹ́ díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 10, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà sí i.

Àárọ̀ kùtù ni kó o ṣe é, kí oòrùn tó mú. Níbi tí kò ti sí fíríìjì, ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, fọ́ ọ sínú abọ́ ńlá pẹ̀lú omi, kó o gbé abọ́ bọ́tà kírímù ẹ kalẹ̀ sínú ẹ̀, kí omi má ṣáà wọ inú ẹ̀. Ìwọ̀n tó o máa tà lọ́jọ́ yẹn ni kó o ṣe. Kọ́ọ̀pù kéèkì 12 tó o bá fẹ́ tẹ òdòdó sórí wọn, nǹkan bí 500 gíráàmù bọ́tà kírímù á tó o, tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ fi ọ̀bẹ pa á ni, ìdajì ẹ̀ ti tó.

Ṣúgà lílọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, o lè lọ̀ ọ́ tó o bá rí ẹ̀rọ ìlọta tó ní ọmọ ìlọ gbígbẹ. Ṣúgà ife kan, kọ́nfuláwà ṣíbí ìjẹun kan, kọ́nfuláwà yẹn ni kì í jẹ́ kó dì, ó wà nínú èyí tí wọ́n ń tà náà. Dá a dúró díẹ̀ kó o tó ṣí i kí eruku ẹ̀ balẹ̀, kó o wá fi asẹ́ tó fẹ́lẹ́ jọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Má fi ọlọ dán an wò, kò ní kúnná tó, á máa rún lẹ́nu bí iyanrìn. Ká sòótọ́ ṣá, fún ọjà títà, mo fẹ́ kó o máa ra áísìn ṣúgà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, kó o sì fi owó ẹ̀ kún iye tó o máa ta kéèkì. Àwọn oníbàárà ẹ á padà wá tó bá kúnná.

Àǹtí mi, ẹ bá wa dá sí i. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàgámù máa ń ha áísìn kúrò lára kéèkì, wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ pọ̀ jù. Ṣé kò sí èyí tí kì í dùn tó bẹ́ẹ̀? (Onílé Kéèkì, Ṣàgámù)

Ó wà o, inú mi sì dùn pé ẹ bèèrè torí pé àwọn àgbà yẹn ò jẹ̀bi. Bọ́tà kírímù tí gbogbo wa mọ̀, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ìlọ́po méjì bọ́tà ni ṣúgà ẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń fi fuláwà sè wà, òun ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn àgbà. Fuláwà ṣíbí ìjẹun márùn-ún, ṣúgà lásán 200 gíráàmù, mílíìkì ife kan, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò kẹ́ ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí á fi ki bí ògì tí a rò fún ọmọdé, ẹ sì jẹ́ kó jinná kí òórùn fuláwà kúrò lára ẹ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó mọ́lẹ̀ kó má yi lójú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátá. Pátá ni mo wí o, tó bá ku díẹ̀ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́tà yín á yọ́. Ẹ wá po bọ́tà 225 gíráàmù kó funfun, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí bu èyí tẹ́ ẹ sè sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú fánílà àti iyọ̀. Ó máa ń fúyẹ́, á máa dán, adùn ẹ̀ ò le rárá.

Èkejì ni ti àwọn ará Switzerland, funfun ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe é. Funfun ẹyin mẹ́rin, ṣúgà 250 gíráàmù, ẹ gbé abọ́ ẹ̀ lé orí ìkòkò omi tó ń ru èéfín, ẹ máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ tí á sì gbóná dé dígírì 71, kí ẹyin náà má baà jẹ́ tútù. Ẹ wá fi míkísà lù ú títí á fi dúró gan-an, tí abọ́ á sì tutù, kẹ́ ẹ tó máa ju bọ́tà 350 gíráàmù sí i ní ègé kéékèèké. Á dé ibì kan tó máa dà bíi pé ó ti bàjẹ́, tí á dì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má dà á nù, ẹ máa lù ú lọ, á padà wá dọ́gba.

Bọ́tà pọ̀ nínú méjèèjì, ṣúgà ẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, torí náà ooru tètè ń mú wọn. Kéèkì inú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni kẹ́ ẹ lò wọ́n fún, kì í ṣe ti abẹ́ kánópì.

Ṣé bọ́tà kírímù ṣeé fi ṣe kúkìsì lọ́ṣọ̀ọ́? Tí mo bá kó wọn lé ara wọn ó máa ń rẹ́ mọ́ra. (Ìyá Ayọ̀, Ìpẹru)

Ó ṣeé fi ṣe, ó tiẹ̀ dùn jẹ, àmọ́ kì í gbẹ débi tẹ́ ẹ fi lè kó o lé ara wọn. Ojú ẹ̀ nìkan ló máa ń gbẹ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, inú ẹ̀ á ṣì rọ̀. Tó bá jẹ́ pé inú náílọ́ọ̀nù lẹ fẹ́ dì wọ́n sí láti tà, áísìn onífunfun ẹyin tó máa ń gan ni kẹ́ ẹ lò. Bọ́tà kírímù dára tẹ́ ẹ bá fi sí àárín kúkìsì méjì.

Aṣọ ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, wáìnì ni. Mo da àwọ̀ pupa sínú bọ́tà kírímù títí, píǹkì ló ń jẹ́, ó sì dì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. (Alásè, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àwọ̀ olómi lẹ lò, àbí? Omi àti ọ̀rá kì í gbọ́ra wọn yé, òun ló jẹ́ kó dì bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ fi kòkó oníyẹ̀fun díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fi pupa sí i, ìyẹn á gbé e lọ sí wáìnì, àwọ̀ tẹ́ ẹ máa lò ò sì ní pọ̀ débi tí á fi korò. Ẹ wá dé e mọ́jú. Bọ́tà kírímù tó bá sùn máa ń dúdú sí i, torí náà ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku díẹ̀ kó tó àwọ̀ aṣọ yín, ilẹ̀ á mọ́ ẹ á rí i. Èyí tó ti dì yẹn ńkọ́? Ẹ gbé abọ́ ẹ̀ lé orí èéfín omi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un lù.

Ẹni tó bèèrè láti Òde Rẹ́mọ bí òun ṣe lè rí i kó funfun: kó po bọ́tà yẹn pẹ́ sí i, kó wá fi ẹnu ìtayín kan àwọ̀ àlùkò bíńtín sí i. Bíńtín o, torí tó bá fi ju bẹ́ẹ̀ lọ eérú ló máa jẹ́.

Mo fẹ́ gbé kéèkì alájà méjì láti Ìṣarà lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Báwo ló ṣe máa débẹ̀ láyọ̀? (Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ìṣarà)

Ẹ kú oríire o. Ẹ má to àjà méjèèjì lé ara wọn nílé, ẹ gbé wọn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tò ó, kẹ́ ẹ sì bu bọ́tà kírímù díẹ̀ dání fún àtúnṣe. Kí kéèkì sùn nínú fíríìjì mọ́jú, bọ́tà á gan, ìyẹn ló máa dáàbò bò ó lọ́nà. Ẹ gbé e sínú páálí tó bá a mu rẹ́gí, kó má sí àyè tó máa fi rìn. Ilẹ̀ mọ́tò ni kẹ́ ẹ gbé e sí torí ibẹ̀ ló tẹ́jú, àga mọ́tò dà gẹ̀rẹ́, ẹ má sì gbé e lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ torí ara èèyàn gbóná. Kí wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé kéèkì wọlé. Ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, torí ẹni tó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú kéèkì, àdúrà ló kù tí á máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má yára ṣí páálí. Kéèkì tútù tó bá bá afẹ́fẹ́ gbígbóná pàdé á làágùn, omi á sì máa tò lára áísìn. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí nínú yàrá tútù títí òtútù ara ẹ̀ á fi dín kù.

Èyí tó ṣẹ́kù ńkọ́, ọjọ́ mélòó ló lè lò? (Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bèèrè)

Èyí tí a fi bọ́tà àti áísìn ṣúgà ṣe lè lo bí ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì tí iná bá dúró, nínú fírísà ó lè tó oṣù mẹ́ta. Ẹ dé e pa dáadáa, bọ́tà máa ń fa òórùn, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e jáde kó rọ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un pò. Èyí tí a fi fuláwà àti mílíìkì sè àti èyí tí a fi ẹyin ṣe kò gbọdọ̀ sùn síta rárá, tí iná bá lọ látàárọ̀ dalẹ́ tí fíríìjì ti gbóná, ẹ dà á nù.