Èsì fún àbúrò tó ń kọ ìtàn emèrè àti ọkọ ọ̀run

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ohun tí o kọ. O ní ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́ lò ń kọ: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan, emèrè ni, Ifá sì ti sọ lọ́jọ́ àkọsẹ̀jayé rẹ̀ pé ọjọ́ tí yóò bá ṣègbéyàwó ni yóò padà sọ́run. Ọmọkùnrin kan dé sí ìlú, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí ọmọ náà lọ́kàn, kò mọ̀ pé ọkọ òun láti ọ̀run ló tẹ̀ lé òun wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbéra láti Ìlá, ó di òkè Ìdànrè, láti lọ hú ohun ìmùlẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run rì síbẹ̀. Ìbéèrè rẹ ni pé, bí Ifá bá ti sọ bó ṣe máa parí ní orí kìíní, kí ló tún kù tí òǹkàwé yóò máa wá kiri? O tún bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti kọ irú ẹ̀ rí. Ó ti jáde, àwọn ọmọ sì ń kà á. Ṣùgbọ́n ojú mi rí màbo kó tó jáde, torí náà wá àga kan jókòó lé.

Ifá kì í sọ bí ìtàn ṣe máa parí. Fíìmù òyìnbó ló ń dà wá lọ́kàn rú, níbi tí arúgbó kan ti ń ka ìwé àtijọ́ pé ọmọ kan ń bọ̀ tí yóò gba ayé là, tí kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Gbé ẹsẹ Ifá èyíkéyìí, wò ó bó ṣe ń lọ: orúkọ àwọn awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí ẹni náà ń wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọtí ikún sí i, ohun tó wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àárín “wọ́n ní kó rúbọ” àti “ó gbọ́ ẹbọ, ó rúbọ” ni kí o kó gbogbo ìtàn rẹ sí. Ifá rí ikú ọmọ yìí, ó dáa. Kí ni wọ́n ní kí wọ́n fi rúbọ? Ta ni wọ́n rán níṣẹ́? Ó lè jẹ́ bàbá ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, tó ní òun ò tún ní bá awo da nǹkan pọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ra ewúrẹ́, ra obì, ra ataare, tó wá fi owó aṣọ funfun san owó iléèwé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó ní Ifá á gbọ́ àlàyé. Nínú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló dín nínú ẹbọ, ìyá àgbà nìkan ló sì mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé sí mi kì í bèèrè pé ṣé ọmọ náà máa kú. Ohun tó dín yẹn ni wọ́n ń bèèrè.

Má fi àbá kọ ibi tí babaláwo ti ń dífá o. Ikin, ìyẹn ẹkùrọ́ Ifá, 16 ni. Yóò kó gbogbo wọn sí ọwọ́ kan, yóò fi ọwọ́ kejì gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, àmì méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀ròsùn, ìyẹ̀fun Ifá, lójú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, àmì kan ni. Bí kò bá ku nǹkan kan, tàbí tó ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, yóò tún un gbá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù kan tó jókòó, ọwọ́ ọ̀tún sì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ìwé tí òǹkọ̀wé ti fi ẹyọ kan tẹ ẹyọ kan. Ọmọ awo tó bá ka ibẹ̀ kò ní ka ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó wá dífá kì í sọ ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló ń sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́, tí yóò wá gbé owó náà kalẹ̀. Ìwọ tó ń kọ ìtàn ìfẹ́, ṣé o rí ohun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí? Kò sí ẹ̀dá kan nínú yàrá yẹn tó gbọ́ ohun tí ìyá ọmọ yìí sọ sí owó. Bóyá ẹ̀mí ọmọ kọ́ ló bèèrè rárá. Odù 256 ni Ifá ní, 16 nínú wọn ni ojú odù, ìyẹn àwọn àgbà odù. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fúnra rẹ hun ẹsẹ tí babaláwo inú ìtàn rẹ máa kì, má so ó mọ́ orúkọ odù kankan. Sọ pé Ifá ní báyìí báyìí, kó o sì máa lọ, àfi tó o bá fẹ́ kí àwọn awo wá máa bu ẹnu àtẹ́ lù ọ́ ní gbangba.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, má fi ìwo sí i lórí. Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ ọkọ ọ̀run ni pé ìfẹ́ rẹ̀ àti ikú ọmọbìnrin náà, nǹkan kan náà ni wọ́n. Kó padà wálé ló fẹ́, ilé sì nìyẹn, ọ̀run ni. Jẹ́ kí òun náà ní ohun tó máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá gbà kí ọmọ náà gbélé ayé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jàǹdùkú lásán lo kọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní iléèwé nìkan ló ń ra ìwé Yorùbá, nítorí náà kí a sọ ọ́ di ìwé kíkà fún iléèwé girama. Mo gbà. Wọ́n gbé e fún ọ̀mọ̀wé kan kó yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, ìwé mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì bàbá yìí. Bí mo bá pè é, yóò ní òun wà ní ìpàdé. Nígbà tó wá dá a padà, bírò pupa ti pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí ọmọkùnrin ti di ọmọbìnrin lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ dànù, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: “Níbo ni ọmọ Yorùbá ti ń ṣe èyí?” Bàbá tó bímọ! Ibi tí ọmọkùnrin ti sọ pé òun ò rí oorun sùn láti àná, ó pa á rẹ́, ó fi òwe dípò rẹ̀. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan o. Kò sí ojú ìwé tí kò fi òwe sí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún wá ń sọ̀rọ̀ bí àgbà ìjòyè. Ó pa babaláwo rẹ́, ó fi adáhunṣe rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí wòlíì kan wọlé ní orí tó gbẹ̀yìn, kó gbàdúrà, kí ọkọ ọ̀run di èéfín.

Mo pè é. Ó ní ìwé idán kò yẹ fún ọ̀dọ́. Mo ní, “Alàgbà, kí ni Fágúnwà wá kọ? Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọdẹ fi bá iwin jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣebí ilé ìtẹ̀wé CMS, ti ìjọ fúnra wọn, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938? Iléèwé mélòó ni wọn ò ti kà á?” Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yàtọ̀? Ó ní ẹnì kan ń pe òun lórí fóònù kejì.

Ká tiẹ̀ ní òun nìkan ni. Ọ́fíìsì kan tún wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè dé iléèwé, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù lókè. Àwọn tó wà lókè ní ìsàlẹ̀ ni fọ́ọ̀mù wà. Mo gba fọ́ọ̀mù tán, ẹni tó máa lu òǹtẹ̀ lọ sí ìsinmi. Ó dé, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó. Wọ́n ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀gbẹ́ni kan wá tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó máa ka ìwé náà, ebi ń pa wọ́n. Ẹ̀gúnjẹ ló ń bèèrè. Mi ò fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni fáìlì mi ti di àwátì. Mo lọ títí, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu mọ́. Òun nìkan ló bá mi sọ òótọ́ nínú gbogbo ilé yẹn.

Tìtorí èyí ni mo fi ń sọ fún ọ: má gbé ìwé ìfẹ́ lọ fún ẹni tó ń wá ìwé iléèwé. Wọn ò ní kọ̀ ọ́ fún ọ lójú kan kí o lè mọ ohun tí wọ́n sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa fi gé e kúkúrú títí yóò fi di ìwàásù.

Ohun kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kan ìwọ gan-an. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kò sì gbọ́dọ̀ wọlé ọkọ. Ọmọbìnrin tìrẹ jẹ́ ọmọ ọdún 16, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn dúró lé. Sọ ọ́ di ọmọ ọdún 19 tó wà ní yunifásítì. Kò ba nǹkan kan jẹ́, ó tiẹ̀ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó, tí kò fi ní jẹ́ pé àwọn òbí ló fà á lọ síbi ikú.

Nígbà tí mo gba ìwé mi padà, mo kó owó àjọ, mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan. ISBN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ìwé, ọ̀dọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ni wọ́n ti ń gbà á, ìyẹn ò le. Títà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ sọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́kàn lé, ní 2023 wọ́n kógbá sílé, àwọn kan ò sì ní ẹ̀dà mìíràn níbikíbi.

Ọ̀nà tí àwọn ọmọ rẹ máa gbà, lọ rìn ín. Láti Ìlá, wọ́n máa gba Iléṣà kí wọ́n tó kọjú sí Àkúrẹ́. Ìsun omi Erin Ìjẹ̀ṣà wà lágbègbè ọ̀nà yẹn, ìpele méje ló ní. Bí o bá ń wá ibi tí ọkọ ọ̀run yóò ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn, kí lo tún ń wá? Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. Má kọ ọ́ pé wọ́n sáré gùn ún nínú ìbínú. Bí o bá gùn ún fúnra rẹ, ìwọ náà á rí i pé kò sẹ́ni tó ní èémí láti fi jà lójú àtẹ̀gùn. Ibi tí wọ́n bá ti jókòó sinmi ni kí wọ́n ti sọ òótọ́ fún ara wọn.

Ó ku àwọn atẹ̀wé. Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún mi, àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀ dípò lẹ́tà. Níbi tí kò sí àpótí, àmì ohùn ti kúrò lórí fáwẹ́lì, ó ti lọ jókòó sí àárín lẹ́tà méjì. Ọ̀gá wọn wo ojú mi, ó ní, “Màdámù, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà.” Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà “ẹ” ní kóòdù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà “ó” náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́”, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, kò ní. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n á wá fi àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn á sọ àmì náà nù. Charis SIL tàbí Noto Serif ni kó o lò. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́ di PDF, kó o rí i pé fọ́ǹtì wọnú fáìlì náà, kó o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun máa tún un tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tòun. Ojú ìwé tí ọfọ̀ tàbí orin ìmùlẹ̀ wà ni kó o ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún ọ, ibẹ̀ ni àmì pọ̀ sí jù. Kà á sókè níwájú wọn. Ìdajì owó ni kó o san, kí ìdajì tó kù wà lápò rẹ títí tí o fi máa kà á tán.