Kí ni ọmọ mi máa mú lọ́wọ́ lọ sílé hólídè àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi lókè òkun. Dúnní, ọmọ mi obìnrin, ti pé ọdún 14. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní kó wá bá àwọn lo ọjọ́ mẹ́fà nílé tí ìdílé wọn ti máa ń lo hólídè létí òkun. Èmi àti ìyá ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkàn mi sì balẹ̀ sí wọn. Ẹ̀bùn tí yóò mú dání ló ń dà mí láàmú. Mi ò fẹ́ kọ́mọ mi wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. Mo ti ra aago ògiri ńlá kan, mo sì tún ń rò ó pé kí n fi owó sínú àpò ìwé kó fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òdòdó ló dáa. Dúnní alára ní kí n má kó ìtìjú bá òun, pé àwọn ẹgbẹ́ òun kì í mú nǹkan kan lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Dúnní

Ìyá Dúnní, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í.

Ó yẹ kí Dúnní mú nǹkan lọ. Ẹni tó gba ọmọ yín sílé fún ọjọ́ mẹ́fà, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń ṣọ́ ọ létí omi, tí kò ní sùn títí ọmọ yín náà á fi sùn, iṣẹ́ yín ló ń bá yín ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá aago ògiri yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á. Owó inú àpò ìwé náà, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Tí ọmọ ọdún 14 bá fún àgbàlagbà lówó, á dà bíi pé ó ń san owó yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá sí ìnáwó wọn, ẹ̀yin àti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra, láàárín àgbà sí àgbà.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ aago yẹn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin mi àgbà wà lọ́mọ ọdún 13, ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sílé hólídè wọn lórí òkè. Mo lọ ra abọ́ gíláàsì kan tó rẹwà, tó tóbi. Orí itan ni ọmọ gbé e lé ní gbogbo ọ̀nà, wákàtí mẹ́rin, kò lè tòògbé nítorí kó má baà fọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé ìdáná ò ju tábìlì kan àti pẹpẹ méjì lọ, ẹrù èèyàn márùn-ún sì ti wà nílẹ̀. Ìyá ilé gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e yí ká ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lọ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ní láti fi aṣọ ìnura méjì wé e kó tó lè gbé e sínú ọkọ̀, torí pé wọ́n máa ń ti ilé náà pa ní gbogbo ìgbà òtútù. Ọmọ mi dé, ó ní, “Mọ́mì, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí.” Kò fi bú mi o, ohun tó rí ló sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí dòní.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé hólídè yàtọ̀ sí ilé tí èèyàn ń gbé. Ẹrù díẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ, fíríìjì ibẹ̀ lè kéré, ohun gbogbo tó bá wọlé síbẹ̀ ló ní láti jáde tàbí kó tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ilé tiwọn ni àbí wọ́n háyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ tiwọn, ohun tó lè máa gbé ilé náà dáa. Bó bá jẹ́ wọ́n háyà rẹ̀ ni, ohun tí gbogbo wọn á jẹ tán tàbí lò tán ló yẹ. Èèyàn mélòó ló máa wà níbẹ̀? Ṣé ajá tàbí ológbò wà? Ta ni kì í jẹ kí ni, ẹ̀pà tàbí èso inú kóró wo ni kò bá ara ẹnì kan mu? Ẹ má bèèrè fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí Dúnní fi àtẹ̀jíṣẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó sì fi ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn jù kún un: “Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú?”

Ìbéèrè yẹn ló tún ọ̀rọ̀ ọmọ tèmi ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí mo fà sẹ́yìn, mo ní kó bèèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì pé òjò máa ń rọ̀ ṣáá lórí òkè yẹn, kò sí tẹlifíṣọ̀n, ìdí tábìlì ni gbogbo àwọn máa ń jókòó sí. Ọmọ mi lọ fi owó tó ń tọ́jú ra puzzle kan, àwòrán tí wọ́n gé sí ẹyọ 1000 tí èèyàn á máa tò pọ̀, àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó pọ̀ ní èbúté. Mo fi díẹ̀ kún owó rẹ̀, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dà á sórí tábìlì. Bàbá ilé náà, tí ọmọ mi ní kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, gbé awò ojú rẹ̀ sókè iwájú orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ẹyọ tó jẹ́ etí ọ̀tọ̀, ó ń pe ọmọ mi kó wá wò ó. Nígbà tó dalẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó o kúrò, orí itan ni gbogbo wọn gbé àwo oúnjẹ lé. Ó ṣì wà nínú ilé náà, wọ́n ń tò ó ní ọdọọdún.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé ọmọ yín kò fẹ́ fúnni ní nǹkan. Ìtìjú tó ń bà á ni ti pé kó gbé ẹrù tí ìyá rẹ̀ yàn sọ́wọ́, kó máa dúró bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló bèèrè, òun ló yàn án, tí díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa yàtọ̀.

Ní ti òdòdó tí bàbá Dúnní sọ, mi ò kọ̀ ọ́ pátápátá, àmọ́ ó lè máà sí ohun tí wọ́n máa gbé e sí níbẹ̀, onílé á sì wá máa wá ife tó ga láàárín ẹrù. Bí ológbò bá wà, òdòdó lílì ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Ó ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́, kódà bó bá kàn lá lẹ́búlẹ́bú tó bọ́ sí i lára, ó lè pa á. Ṣokoléètì náà ń pa ajá lára, ó sì máa ń yọ́ kí ooru tó dé digíìrì 34, inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa sì máa ń gbóná ju ìyẹn lọ. Àbẹ́là olóòórùn dídùn, ẹ fi sílẹ̀ bó bá jẹ́ ilé pákó. Ọtí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń gbé dání. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n máa wọ̀, ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, nǹkan olómi tí ike rẹ̀ ju mílílítà 100 lọ kì í gba inú báàgì ọwọ́ kọjá, wọ́n sì ń ka oyin àti jáàmù mọ́ olómi. Èso tútù, ẹran àti irúgbìn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ohun tó máa ń dáa ni bísíkíìtì inú páànù tí kò nílò fíríìjì, káàdì tí gbogbo ilé lè jọ ta, bọ́ọ̀lù tí wọ́n á gbá létí òkun, tàbí bó bá jẹ́ ilé tiwọn, ìwé kan tó ní èèpo líle tí àlejò kọ̀ọ̀kan á máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí wù mí gan-an, torí ọmọ lè kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan ti tó. Ẹ̀bùn tó bá wọ́n jù máa ń di gbèsè sọ́rùn ẹni tó gbà á, wọ́n á máa ronú ohun tí wọn máa san padà. Ẹ yọ iye owó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, àmọ́ kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí gbogbo èèyàn ń rù lọ rù bọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà mí wá, gbogbo wa ni mo mú èyí wá fún.” Ẹ jẹ́ kó fi yín ṣe ìdánrawò. Bí ìyá ilé bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì tú u, kó má ṣe jẹ́ kó dùn ún, ìṣe àwọn kan nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí kò ṣeé wé sínú ìwé ẹ̀bùn: kó tẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó ṣan àwo tó fi jẹun, kó bèèrè lọ́jọ́ ìkẹyìn ibi tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí. Ẹ fún un lówó díẹ̀ sápò pẹ̀lú, kó lè ra áìsìkirimù fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Dúnní bá padà délé, kó tó gbàgbé, kó fọwọ́ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin péré. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kó má kàn kọ “ẹ ṣé” lásán. Kó dárúkọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kó sì fi fọ́tò kan tó tẹ̀ jáde sínú rẹ̀. Èyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, fọ́tò bàbá ilé náà tó gbé awò ojú síwájú orí, àwọn fúnra wọn ló fi í sára ògiri ilé ìdáná ibẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó yín ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí Dúnní fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi fèsì, ẹ sọ fún mi, ká jọ wò ó.
Ìyá Fìkáyọ̀