Káàdì ẹgbẹ́ nìkan kò tó kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ilé fún ẹnjiníà

Ẹ kú ìrònú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹnjiníà tí àbúrò yín mú wá fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín n'Ibàdàn fi káàdì NSE hàn yín lórí WhatsApp, ẹ sì ń bi wá bóyá ìyẹn tó láti fi owó ìpìlẹ̀ ránṣẹ́ láti Manchester. Kò tó o.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ni NSE, ìyẹn Nigerian Society of Engineers. London níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1958. Wọ́n máa ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò dáadáa kí wọ́n tó gbà á wọlé, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ilé, ọ̀nà àti afárá sì ní ẹ̀ka tiwọn nínú rẹ̀, NICE. Ṣùgbọ́n COREN, àjọ ìjọba tí òfin ọdún 1970 gbé kalẹ̀, ló ni ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà COREN rẹ̀, kí ẹ fúnra yín wá a lórí ìkànnì wọn. Ẹ má gba fọ́tò sátífíkéètì gbọ́. Ta ni kò lè ṣe fọ́tò? Ẹ tún bi í irú ẹnjiníà tó jẹ́. Ibí yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ ará wa: ẹnjiníà iná mànàmáná ní COREN lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣírò irin tó máa gbé dẹ́kìn yín dúró. Òǹtẹ̀ ara pùlánù gbọ́dọ̀ bá orúkọ àti nọ́ńbà yẹn mu.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti wúlò fún yín gan-an ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ẹ̀ka NSE n'Ibàdàn, kí ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ikoyi, ní November 2021 pa ènìyàn tó lé ní 40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "bíríkìlà wa mọṣẹ́" tù yín nínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, ẹ ní kí ẹnjiníà wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpótí irin kéékèèké, kí wọ́n rì í sómi tó bá ti gan, kí wọ́n sì gbé e lọ fọ́ ní láàbù lọ́jọ́ keje àti ọjọ́ 28, láti mọ bó ṣe lágbára tó. Kí èsì ọjọ́ 28 ti ìsàlẹ̀ tó dé, ẹ má tíì fi owó òkè ránṣẹ́.