Ọrún ọjà: ọjọ́ márùn-ún ni àbí mẹ́rin?

Ìyá kan nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì ló béèrè. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà abúlé wọn, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì wo kàlẹ́ńdà, ó ní mẹ́rin ni. Ó tún ní Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, ti sọ pé àkókò ẹnì kan lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ìyá wá ní ṣé ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nìyẹn.

Rárá o, mà. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn.

Àrún ló bí ọrún. Tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ná ọjà ní Ajé: Ajé jẹ́ ọ̀kan, Ìṣẹ́gun méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, Ẹtì márùn-ún, ọjà tún pé. Ọmọ yín kò ka Ajé, ló ṣe bá mẹ́rin. Ìsán náà ńkọ́? Mẹ́sàn-án lẹ́nu wa, mẹ́jọ lẹ́nu oníkàlẹ́ńdà. Oòrùn kan náà ló ń là lójú ẹ̀yin méjèèjì.

Ti Einstein, ní 1905, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà. Ẹ jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì ní Adó. Ọmọdé kan ń ju àgbálùmọ̀ sókè nínú ọkọ̀, ó ń hán an. Lójú tirẹ̀, ó lọ sókè tààrà, ó bọ̀ tààrà. Ẹni tó dúró létí títì ní Ìwòròkó rí i pé ó tún ń bá ọkọ̀ lọ síwájú, ọ̀nà tó rìn sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí wàhálà ńbẹ̀, eré ọkọ̀ ti kún eré àgbálùmọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kì í gba irú àfikún yẹn: nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni lójú gbogbo wa. Tó bá wá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín dígí méjì nínú ọkọ̀, tá a fi lílọ bíbọ̀ rẹ̀ ṣe aago, ẹni tó wà létí títì á rí i tó ń fi eré kan náà rin ọ̀nà tó gùn. Á pẹ́ kó tó dé. Aago inú ọkọ̀ ń falẹ̀ nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì Adó kò lè sáré débi tá a fi máa mọ̀ (bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń gbìyànjú tó). Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ lọ sójú sánmà, kó sì padà: ọjọ́ márùn-ún gbáko nílé, mẹ́rin gbáko ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Márùn-ún àti mẹ́rin yín náà tún rèé! Ẹnu kọ́ ló yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò ní mọ̀ ọ́n lára, iyán rẹ̀ kò ní pẹ́ tutù lójú rẹ̀, àmọ́ irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́rin ló máa gbé wálé.

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Eré tí sátẹ́láìtì tí fóònù fi ń mọ̀nà ń sá máa ń fa aago rẹ̀ sẹ́yìn lójúmọ́ ní nǹkan bí ìdá 7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gíga tó wà tún ń tì í síwájú ní 45. Àwọn tó ṣe é ti ṣírò 38 tó lé yẹn mọ́ ọn.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kàlẹ́ńdà rẹ̀ kò ṣàṣìṣe. Tí ọjà bá bọ́ sí Ajé, kó ṣáà bá yín ru ẹrù lọ ní Ẹtì.