Ọmọ ajá tó ń bì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi epo pupa sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó ní ọmọ ajá olóṣù méjì, tí kò jẹun láti àná, tó ń bì, tó sì ti ń ya ìgbẹ́ olómi, tẹ́ ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ fún un ní epo pupa àti Flagyl kẹ́ ẹ wò ó di Monday, àti pé ṣé ó lè ran ológbò inú ilé. Ẹ má dúró de Monday o. Parvo, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ìfun ajá jẹ́, ló ń jọ lójú mi, àfi tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní òun kọ́. Ọmọ ajá tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 6 ló máa ń bá fà jù.

Èmi ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á létí títì l'Ákùúrẹ́ níbí. Káàdì wà, sítáǹpù wà, ó ní wọ́n ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tán. Tanímọ̀la ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, alẹ́ Saturday ni. Dókítà ẹran tí mo pè ní kí n fún un ní ORS kí n máa wò ó, pé òun wà lóde ìnáwó, mo sì ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Kí n máa wo kí ni? Gbogbo nǹkan tó bá ti wọlé lẹ́nu ajá yẹn ló ń padà jáde. Ilẹ̀ Sunday mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dé nínú ìgbẹ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀, èrìgì ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù, tí mo bá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ sókè, á dúró bẹ́ẹ̀ ni, kò ní padà sílẹ̀, omi ti tán lára ẹ̀ nìyẹn. Aládùúgbò kan ní májèlé ló jẹ, kí n rọ epo sí i lọ́fun. Bọ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó wò ó títí, ó ní ṣé kí òun kúkú fún mi lówó ẹ̀ kó tó kú. Mo bú u débi tó gbọ́n. Ìgbà tí mo gbé e dé ibi tí wọ́n ń pè ní kíníìkì, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń bèèrè káàdì, dókítà wà ní mítíìnì, ajá ń kú lọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa ráyè wá iṣan, wọn ò rí i mọ́. Ó kú síbẹ̀.

Èkejì, bó ṣe kọ oúnjẹ ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń dá iṣẹ́ ara ẹ̀ ṣe, wọ́n so dríìpù mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ó yè.

Parvo ò ní oògùn tó ń pa á gan-an. Omi tó ń gbẹ lára ló ń pa ajá, àti àwọn bakitéríà tó ń gba ìfun tó ti bó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba iṣan fún un lómi, tí wọ́n á gún un ní antibáyótíìkì àti èyí tó ń dá èébì dúró. Flagyl oníhóró tẹ́ ẹ fẹ́ fún un, bíbì ló máa bì í. Epo ńkọ́? Ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ tún wá ní ìṣòro méjì.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà, tí wọ́n máa fa Ivermectin, oògùn aràn màlúù, sí abẹ́rẹ́ fún ọmọ ajá láìwọ̀n ọ́n. Àwọn kan tún ń fi ọ̀tapíápíá wẹ ajá nítorí eégbọn! Mo ti rí èyí tó gbọ̀n títí tó fi kú.

Ilẹ̀ yín ńkọ́, àrùn yìí lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún bí ọdún kan. Ẹ kó gbogbo ìgbẹ́ kúrò, ẹ wá po Jik, ìwọ̀n kan sí omi 30, ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn apakòkòrò olóòórùn tá a ń dà sí ilé ìgbẹ́ kì í pa á. Ẹ má gbé ọmọ ajá míì wọlé tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Abẹ́rẹ́ yẹn, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tí wàrà ìyá ẹ̀ fún un lè pa agbára abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Kẹ́ ẹ sì bèèrè firíìjì! 2 sí 8 digírí ni wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, ibi tí iná ò ti sí láti àárọ̀, ó lè jẹ́ bí omi lásán ni èyí tí wọ́n ń gún fún yín, wọ́n á sì lu sítáǹpù lé e.

Ní ti ológbò tẹ́ ẹ bèèrè, ó ní àrùn tiẹ̀ tó jọ parvo, abẹ́rẹ́ àjẹsára tiẹ̀ náà sì wà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tó bá ń gbóná, ẹ má fún un ní Panadol, ìlàjì hóró gan-an lè pa á.